JOHN EVELYN: ẸNI TÍ Ó PA ỌJỌ́ ÌBÍ OLÚWA MỌ́ NÍGBÀ TÍ ÒFIN KÀ Á LÉÈWỌ̀

Lọ́dọọdún, bí Ọjọ́ Ìbí Olúwa wa bá ti ń súnmọ́ tòsí, kò ṣe àjèjì láàrin àwa ọmọ Ìjọ kí iyàn dìde lórí bí ó ti yẹ kí a ṣe ọdún náà. Àwọn kan a wí pé àsè, aṣọ tuntun àti ìlù ti fẹ́rẹ̀ bo Ọmọ tí a tẹ́ sí ibùjẹ ẹran mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé ẹni tí kò bá lè yọ̀ ní ọjọ́ tí Olùgbàlà rẹ̀ wá sí ayé, ọjọ́ wo ni yóò tún yọ̀? Iyàn náà kò ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 350 ọdún sẹ́yìn tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì di ọ̀ràn òfin, ẹ̀wọ̀n àti ìbọn. Nínú ìtàn ìgbà náà ni a ti rí ọkùnrin kan, ọmọ Ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà, ẹni tí ìgbé ayé rẹ̀ lè kọ́ wa ní ọgbọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni John Evelyn.

A bí i ní ọjọ́ 31 oṣù Òkítóbà, ọdún 1620, ní Wotton, ní ilẹ̀ Surrey, níhà gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìdílé ọlọ́rọ̀ ni ìdílé rẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn tí baba rẹ̀ àgbà ń ṣe ni ọrọ̀ náà ti wá. Lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní Lewes ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1635, baba rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1640. Láàrin ikú méjèèjì yìí, ní ọdún 1637, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Balliol ní Oxford, lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó di ọdún 1642, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ọba Charles Kìíní àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ti ọba ni Evelyn ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe jagunjagun. Ní ọdún 1643 ó kúrò ní ìlú, ó sì rin ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Ítálì já, ó ń wo ilé, ọgbà, ìwé àti iṣẹ́ ọnà.

Ní Parisi ni Ọlọ́run ti fún un ní aya. Mary Browne ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Sir Richard Browne, ẹni tí í ṣe aṣojú ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. A so wọ́n pọ̀ ní ọdún 1647 nínú ilé ìsìn kékeré tí ó wà nínú ilé àna rẹ̀ náà. Ilé ìsìn yìí kì í ṣe ohun kékeré lójú àwọn tí ó ti sá kúrò nílé nítorí ogun. Nígbà tí a kò gbọ́dọ̀ fi Ìwé Àdúrà sìn ní gbangba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nínú yàrá ìsìn yìí, ní ìlú àjèjì, ni a ti ń gbọ́ àdúrà Ìjọ wa lójoojúmọ́. Níbẹ̀ ni Evelyn ti kọ́ pé Ìjọ lè pàdánù ilé rẹ̀ àti ojú rere ìjọba, síbẹ̀ kí ó má ṣe pàdánù ìsìn rẹ̀.

Kí ni ó wá dé tí a fi ka Ìwé Àdúrà àti ọdún Kérésìmesì léèwọ̀ ní ilẹ̀ Kristẹni? Kò tọ́ kí a dá àwọn tí ó ṣe é lẹ́bi kí a tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn tí à ń pè ní Púrítánì, èyíinì ni àwọn tí ó ń fẹ́ wẹ Ìjọ mọ́ kúrò nínú ohun gbogbo tí ó bá jọ ti Àgùdà, ni ọ̀rọ̀ wọn lékè nínú Ilé Ìgbìmọ̀ nígbà náà. Wọ́n wí pé kò sí ibì kan nínú Ìwé Mímọ́ tí a ti pàṣẹ pé kí a máa ṣe ọdún ìbí Olúwa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti dárúkọ ọjọ́ tí a bí I. Wọ́n wí pé Ọjọ́ Olúwa tí ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó fún Kristẹni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n tọ́ka sí ohun tí ojú ń rí. Ọjọ́ 12 ni a fi ń ṣe ọdún náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi wọ́n mu ọtí àmupara, wọ́n ń fi wọ́n ta tẹ́tẹ́, wọ́n ń fi wọ́n jà. Àwọn Púrítánì béèrè bóyá irú ọlá bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ Kristi. Ẹni tí ó bá ní ojú yóò gbà pé ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀. Ní ọdún 1644, ọjọ́ Kérésìmesì bọ́ sí Ọjọ́rú tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ààwẹ̀ oṣooṣù. Ilé Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé ààwẹ̀ ni kí gbogbo ènìyàn gbà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ àsè. Ní ọdún 1645 wọ́n mú Ìwé Àdúrà kúrò, wọ́n sì fi ìwé ìlànà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Júùnù 1647 wọ́n fi òfin pa ọdún Kérésìmesì, ti Àjíǹde àti ti Pẹ́ńtíkọ́sì rẹ́. Dípò wọn, wọ́n fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ láti máa fi sinmi. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, ní ìlú Canterbury, níbi tí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wà, olórí ìlú pàṣẹ pé kí àwọn oníṣòwò ṣí ìsọ̀ wọn bí ọjọ́ lásán. Àwọn ará ìlú kọ̀, rògbòdìyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọtí àmupara ni àwọn aṣòfin kórìíra, ṣùgbọ́n ìbí Olúwa ni wọ́n mú kúrò nínú kàlẹ́ńdà. Ní oṣù Jánúárì ọdún 1649, wọ́n bẹ́ orí ọba pẹ̀lú.

Ní ọdún 1652 ni Evelyn padà wá, ó sì tẹ̀dó sí Sayes Court ní Deptford, lẹ́bàá odò Thames, ní ilé tí í ṣe ti àna rẹ̀. Ó jẹ́ àṣà rẹ̀ láti máa kọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìrántí kan, ìwé yìí ni ó sì jẹ́ kí a mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1652 dé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ìwàásù níbikíbi, nítorí a kò gba ilé Ọlọ́run kankan láyè láti ṣí ilẹ̀kùn. Nítorí náà ó ṣe ọdún náà nínú ilé. Kò kó ènìyàn jọ sí ìgboro, kò sì sọ òkúta lu ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí baba ilé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí a bí Richard ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1652 kan náà, àlùfáà kan tí a ti lé kúrò nínú ìjọ rẹ̀ ni ó pè wá láti fi Ìwé Àdúrà ṣe ìrìbọmi fún un nínú yàrá ilé rẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdè náà túbọ̀ ń le sí i. Ní ìparí ọdún 1655, Oliver Cromwell, ẹni tí ó ń ṣe olórí ìlú nígbà náà, kéde pé àwọn àlùfáà tí a ti lé kúrò kò gbọ́dọ̀ wàásù mọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: a gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, a sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún náà, Evelyn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbọ́ ìwàásù Dókítà Wild, ìwàásù tí ó dà bí ẹni pé a ń sin iṣẹ́ ìwàásù fúnra rẹ̀ sí ibojì. Evelyn kà á sí ọjọ́ tí ó bà á nínú jẹ́ jùlọ nínú gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ títí di ìgbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn tí a kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1657, Evelyn àti aya rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn tí ó wà nínú Exeter House, ní òpópó tí à ń pè ní Strand ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà Peter Gunning, ẹni tí kò jẹ́ kí ìbẹ̀rù pa òun lẹ́nu mọ́, ni ó wàásù. Inú ìwé wòlíì Míkà, orí 7, ni ó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwàásù parí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi Ìdàpọ̀ Mímọ́ fún àwọn ènìyàn. Nígbà náà ni àwọn ọmọ-ogun yí ilé ìsìn náà ká.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó wà níwájú àwọn ènìyàn náà. Wọn kò tíì gba Ìdàpọ̀ tán. Tábìlì Olúwa wà níwájú, àwọn ọmọ-ogun sì na ìbọn sí wọn bí wọ́n ti ń lọ síbẹ̀, bí ẹni pé wọn yóò yìn ín lù wọ́n níwájú pẹpẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ìbá ti padà sẹ́yìn. Evelyn àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò padà. Wọ́n lọ, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì gbà á. Àwọn ọmọ-ogun kò dá ìsìn náà dúró. Lójú Evelyn, ó lè jẹ́ pé a kò tíì sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún wọn bí wọ́n bá bá àwọn ènìyàn lẹ́nu irú iṣẹ́ mímọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìsìn parí, a mú gbogbo wọn. A kó àwọn kan lọ, a sì há àwọn mìíràn mọ́ inú ilé náà. Yàrá kan nínú ilé ni a fi Evelyn sí, àwọn ọlọ́lá tí a há mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú onílé sì pè é wá jẹun pẹ̀lú wọn. Ní ọ̀sán, Ọ̀gágun Whalley, Ọ̀gágun Goffe àti àwọn mìíràn ti ibi ìjókòó ìjọba dé láti wádìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n bi Evelyn ní ìdí tí ó fi rú òfin tí ó ka ọdún ìbí Olúwa léèwọ̀, ọdún tí àwọn kà sí ìgbàgbọ́ asán. Wọ́n bi í ní ìdí tí ó fi lọ síbi tí a ti ń ka Ìwé Àdúrà, èyí tí wọ́n ní kò yàtọ̀ sí Máàsì tí a yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ń gbàdúrà fún Charles, ọmọ ọba tí a pa. Evelyn dá wọn lóhùn pé kì í ṣe ẹni yìí ni àwọn ń dárúkọ; gbogbo ọba, ọmọ aládé àti àwọn alákòóso tí í ṣe Kristẹni ni àwọn ń gbàdúrà fún. Wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ń gbàdúrà fún ọba Sípéènì pẹ̀lú, ẹni tí í ṣe Àgùdà àti ọ̀tá ìlú. Wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀sùn tí wọ́n lè fi dì í mú. Nígbẹ̀yìn wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n sì káàánú rẹ̀ nítorí àìmọ̀kan rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti ṣú kí ó tó dé ilé, ó sì fi ìyìn fún Ọlọ́run.

Àwọn kan lè rò pé ẹni tí ó bá jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ yóò rí èrè rẹ̀ gbà kíákíá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì náà tí ibà fi pa Richard, ọmọ tí a rì bọmi nínú yàrá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ó ti lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìn àti Faransé. Ó mọ Kátékísímù. Ó sì fẹ́ràn Ìwé Mímọ́. Nínú ìrora ikú rẹ̀, ó béèrè bóyá òun kò ṣẹ Ọlọ́run bí òun ti ń pe orúkọ mímọ́ Rẹ̀ léraléra fún ìtura. Ní oṣù Fébúárì, George, ọmọ ọwọ́ tí ó kéré jùlọ, kú pẹ̀lú. Baba tí ìbọn kò mú ẹ̀rù bà níwájú pẹpẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ayọ̀ ayé òun ti parí. Síbẹ̀, ó mú ìwé tí Jòhánù Kírísósítómù, Bíṣọ́ọ̀bù ìgbà àtijọ́, kọ nípa títọ́ ọmọ, ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn òbí mìíràn lè jèrè lára ohun tí ó ń dùn ún.

Cromwell kú ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ọdún 1658. Ní ọjọ́ 29 oṣù Méè ọdún 1660, Ọba Charles Kejì padà wọ Lọ́ńdọ̀nù, Evelyn sì dúró ní òpópó Strand, níbi tí a ti mú un lọ́jọ́sí, ó ń wo bí ogunlọ́gọ̀ ti ń kọjá, ó sì ń yin Ọlọ́run. Àwọn òfin tí a ṣe láìsí ọba di asán, Kérésìmesì sì padà sí gbangba. Gunning di Bíṣọ́ọ̀bù níkẹyìn, ní Chichester àti lẹ́yìn náà ní Ely. Whalley àti Goffe, tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ikú ọba, sá lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Massachusetts, níbi tí wọ́n ti ṣe òfin ní ọdún 1659 pé ẹni tí a bá rí tí ó ń ṣe Kérésìmesì yóò san ìtanràn ṣílè márùn-ún. Ọdún 1681 ni a tó pa òfin náà rẹ́ níbẹ̀.

Bí ìtàn náà bá parí síbí, a lè rò pé ìṣẹ́gun àwọn olùfẹ́ Kérésìmesì ni a ń ròyìn. Ṣùgbọ́n apá tí ó kù ni ó kàn wá jùlọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì ọdún 1662, tí í ṣe Ọjọ́ Ìfihàn Kristi fún àwọn Kèfèrí àti òpin ọjọ́ 12 náà, Evelyn wà ní ààfin. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ọba fúnra rẹ̀ ni ó ṣí eré alẹ́ náà. Tẹ́tẹ́ ni ó fi ṣí i, ó sì pàdánù £100. Àwọn ìyá ọlọ́lá pẹ̀lú ń ta á, owó ńláńlá sì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Evelyn kò lè dúró. Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé irú àṣà burúkú bẹ́ẹ̀ rí ààyè ní ààfin tí ó yẹ kí ó jẹ́ àpẹẹrẹ ìwà rere fún gbogbo ìlú. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún kan náà, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin, ó gbọ́ tí àwọn onílù olókùn 24 ń ta ohun èlò wọn láàrin orin nínú ilé ìsìn ọba, bí a ti ń ṣe ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní irú orin bẹ́ẹ̀ yẹ ilé ọtí tàbí ilé eré ju ilé Ọlọ́run lọ.

Ẹ kíyèsí ọkùnrin yìí. Ohun tí àwọn Púrítánì ti wí nípa Kérésìmesì ni ó wá ń fi ojú ara rẹ̀ rí, lọ́wọ́ àwọn tí ó dá ọdún náà padà. Síbẹ̀ kò torí èyí sọ pé kí a tún fi òfin pa á rẹ́. Ó kúrò nídìí tẹ́tẹ́, ó sì ń lọ sí ìdí Tábìlì Olúwa. Ní ọ̀pọ̀ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí a sábà ń rí nínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ni orúkọ oníwàásù, ẹ̀kọ́ ìwàásù, àti Ìdàpọ̀ Mímọ́ tí ó gbà. Bí ó ti pa ọjọ́ náà mọ́ lábẹ́ ìbọn ni ó pa á mọ́ nínú òmìnira, ìkejì yìí sì lè jẹ́ èyí tí ó ṣòro jù.

Ìsìn rẹ̀ kò sì mọ sínú ilé Ọlọ́run. Ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọ̀mọ̀wé Ọba sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1664 ó tẹ ìwé jáde nípa igi gbíngbín, ìwé tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà ogun pẹ̀lú àwọn Dọ́ọ̀ṣì, a fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó àwọn atukọ̀ tí ó gbọgbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá bo Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1665, ó rán aya àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Wotton, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, nítorí àwọn aláìsàn kò ní ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ó ṣe akápò ilé tí a ń kọ́ ní Greenwich fún àwọn atukọ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 27 oṣù Fébúárì ọdún 1706, ẹni ọdún 85, a sì sin ín ní Wotton níbi tí a ti bí i. Ọdún 1818 ni a tó tẹ ìwé ìrántí rẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà.

Ẹ̀yin ará, Ìwé Àdúrà tí àwọn ọ̀gágun náà pè ní Máàsì ni a túmọ̀ sí èdè Yorùbá, òun sì ni àwọn baba wa fi kọ́ wa láti gbàdúrà. Nígbàkígbà tí a bá gbàdúrà fún àwọn ọba àti alákòóso nínú ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́, ẹ rántí pé a ti fi àdúrà náà dá ènìyàn lẹ́jọ́ rí. Bí iyàn bá dìde lórí Kérésìmesì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń kìlọ̀ nípa ìwà àìmọ́ di ọ̀tá lójú yín, nítorí òtítọ́ lè wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó gba ọdún náà lọ́wọ́ yín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ọmọ-ogun tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ wa láti dá wa padà. Bí àyè wa bá ṣófo níwájú pẹpẹ, àwa fúnra wa ni a kò wá. Kí Olúwa tí a bí fún wa fún wa ní ọkàn láti wá. Àmín.